Afọkọ̀gbin-Elégédé

"Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là! Mo ti gbọ́ ọ̀ọ́dúnrún. Ta ló tún ní jù bẹ́ẹ̀ lọ? Mo ń lọ o, mo ń lọ..."

Twila Kreider tún na káàdì ẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun náà ló dá ọ̀ọ́dúnrún yẹn.

Baba Elam tó ń lu gbàǹjo dákẹ́. Ó ti akẹtẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn, ó wò ó dáadáa. "Arábìnrin, ìwọ lo sọ iye tó kẹ́yìn. Ṣé o fẹ́ máa bá ara ẹ jà ni? Mo lè dúró kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì jà á tán."

Ẹ̀rín ta. Àwọn àgbẹ̀ onírùngbọ̀n tí ẹ̀sìn wọn ò gbà kí wọ́n wa mọ́tò, tí wọ́n fẹ̀yìn ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wọn, tí wọn kì í tètè rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Etí Twila gbóná. Ó fa káàdì sílẹ̀ wéré, Baba Elam sì gbá òòlù mọ́ pátákó. Ó parí. Ọjà ti di tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó máa sọ pé òmùgọ̀ ni, ẹ dúró ná. Twila ò dé ibi gbàǹjo elégédé rí láyé ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún lòun àti Galen ọkọ ẹ̀ ti ń ṣí oko wọn fún àlejò tí Halloween, àjọ̀dún tí wọ́n ń fi elégédé ṣe ọ̀ṣọ́, bá ń bọ̀, ẹyọ elégédé kan ò sì ti ìta wọ inú oko yẹn rí. Wọ́n á gbìn ín, wọ́n á ro ó. Tó bá di oṣù kẹwàá, àwọn èèyàn á kó ọmọ wọn wá, Galen á fi katakata fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n to koríko gbígbẹ sí, wọ́n á jókòó sórí ẹ̀, ó di orí òkè, kálukú á lọ já tiẹ̀ fúnra ẹ̀ lára ìtàkùn. Twila á máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà. Ẹnu ẹ̀ dùn, ẹ ò lè gbọ́ kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó dáadáa o! Ilẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ló hù ú. Àwa ò dà bí àwọn kan tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbin elégédé."

Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tó ń bá wí. Dwight Espenshade ni, aládùúgbò wọn tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè wọn. Dwight náà ń ṣí oko fún àlejò, àmọ́ gbàǹjo ló ti ń ra elégédé ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti tò wọ́n káàkiri oko bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n hù sí. Àwọn ọmọ á wá máa sáré ká, wọ́n á máa ké pé, "Mo ti rí tèmi! Mo ti rí tèmi!" Twila ló sọ ọ́ ní Afọkọ̀gbin-Elégédé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé tó bá wọ ilé oúnjẹ ìkóríta láàárọ̀, òun ni wọ́n fi ń kí i. Dwight kì í bínú. Á ní, "Èmi nìyẹn. Taya mẹ́fà ni mo gbìn lọ́dún yìí, gbogbo ẹ̀ ló so."

Àmọ́ ọdún yìí ò rí bí ọdún. Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìtàkùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó, kò sì mọ̀ ọ́n dá. Omi dúró sórí oko Kreider bí ọbẹ̀ inú àwo. Oyin ò jáde, gbòǹgbò jẹrà, ìwọ̀nba tó so sì bu funfun, tó o bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìka ẹ á wọlé. Kì í ṣe tiwọn nìkan. Jákèjádò Pẹnsilfáníà dé ìpínlẹ̀ kejì, ohùn kan náà ni wọ́n ń sun. Páálí ńlá kan tí wọ́n ń tà ní àádọ́jọ dọ́là lọ́dún tó kọjá ti gun orí igba, ó ń gòkè sí i. Ilé ìtajà ńlá inú ìlú lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ẹyọ méjì péré lẹnì kan lè rà.

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ń bọ̀ lọ́la lóko Kreider, mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ kún fọ́fọ́ fún ọmọdé. Oṣù kẹwàá loko yẹn fi ń jẹun ọdún. Tí àwọn ọmọ yẹn bá dé tí wọn ò bá elégédé, oko ẹlòmíì làwọn tíṣà wọn á kó wọn lọ, wọn ò sì ní padà wá. Galen ló sọ ọ́ lórí oúnjẹ alẹ́ àná. "Twila, wọ́n ń tà á ní gbàǹjo." Twila ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ó so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wakọ̀ kọjá gbàǹjo tó wà nítòsí, ó kọjá odò, ó lọ síbi tó jìnnà gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣe nìyẹn.

Ọjà ibẹ̀ kì í ní orúkọ. Nọ́ńbà ẹni tó ni ín ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ páálí. Twila rìn kọjá èyí tí ìwọ́ ẹ̀, ọrùn tó fi so mọ́ ìtàkùn, ti kán, tí ẹnikẹ́ni ò ní rà torí kí lọmọdé fẹ́ fi gbé e? Ó kọjá èyí tí ìdí ẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó dúró. Páálí mẹ́wàá, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì. Elégédé yẹn pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rogodo, ìwọ́ ẹ̀ le bí ìwo ewúrẹ́. Twila ti orí bọ inú páálí, ó ń tẹ ìwọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbin èyí mọ iṣẹ́, ó sọ nínú ara ẹ̀. Ó wá jọ pé ìgbà tí orí ẹ̀ wà nínú páálí yẹn ni Baba Elam ṣe ìkéde tó yẹ kó gbọ́.

Torí nígbà tó dé iwájú tó ní, "Mo fẹ́ mẹ́rin," ńṣe ni baba yẹn wò ó bí ẹni tó sọ èdè míì.

"Mẹ́rin kẹ̀? Mẹ́wàá ni."

"Àwọn ìlà ìṣáájú, ẹ ní kẹ́ni tó bá mú un sọ iye páálí tó fẹ́."

"Ìṣáájú nìyẹn. Mo sọ fún gbogbo ayé kí n tó bẹ̀rẹ̀ eléyìí pé pa pọ̀ ló ń lọ. Iye tó o dá, ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀ ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là."

Twila ò ní tó ìdajì ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ làwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò gbọ́ ni."

"Òòlù ti balẹ̀, arábìnrin. Agbára ẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi, àfi tẹ́ni tó ni ín bá gbà ká pín in." Ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. "Oní mẹ́tàdínlógójì! Ṣé oní mẹ́tàdínlógójì wà níbí?"

"Ta ló ń pè mí? Mo ṣì ń mu ọbẹ̀ lọ́wọ́."

Ohùn yẹn! Twila ò tíì yíjú kó tó mọ̀. Dwight Espenshade ló yọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ kan, ó gbé ife ọbẹ̀ adìyẹ alágbàdo dání, ọbẹ̀ ti kan irunmú ẹ̀. Ó wo káàdì ọwọ́ Twila. Ó wo páálí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó tún wo Twila, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde díẹ̀díẹ̀.

"Twila Kreider. Taya mélòó lo fẹ́ gbìn?"

"Dwight, má bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo sọ? Mo kàn ń béèrè ni. Orí òkè yín yẹn dáa ju ilẹ̀ tèmi lọ, ó lè gba taya mẹ́wàá."

"Ẹnu ẹ á bó."

"Ó ti ń bó. Ọbẹ̀ yìí gbóná."

"Ẹ̀yin méjèèjì," Baba Elam ní, "mo ní kábéèjì tí mo fẹ́ tà."

Dwight ju ọwọ́. "Ẹ pín in fún un. Mélòó lo fẹ́?"

"Mẹ́rin."

"Ẹ fún un ní mẹ́rin, iye tó dá náà ni kó san. Ẹ tún mẹ́fà tó kù tà." Kò béèrè nǹkan kan lé e. Òun fúnra ẹ̀ tún bá a darí àwọn tó ń kó o sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n rọra, ẹyin ni, ẹyin ni.

Ibi tó yẹ kí Twila dúpẹ́ kó máa lọ nìyẹn. Àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n báyìí, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọwọ́ ta lo ti rà á, kó o tó wá tún un tà fún mi?"

"Rà kẹ̀? Mo gbìn ín."

"Níbo?"

"Ibo ni mo tún nílẹ̀ sí? Ìsàlẹ̀ yẹn náà ni."

"Ìsàlẹ̀ tí àkèré ti ń ké? Dwight, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ o."

"Àkèré ti kó lọ." Dwight gbé ọbẹ̀ ẹ̀ kalẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Mo máa ń gbìn ín, Twila. Ọdọọdún ni mò ń gbìn ín. Ó máa ń kú ni. Tó bá ti kú, mo tún ti gbéra nìyẹn, ó di gbàǹjo. Lọ́dún yìí kò kú. Omi yín ò wá."

"Omi wa?"

"Omi páìpù yín, èyí tí Galen rì mọ́lẹ̀ lórí òkè nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí omi lè máa fà kúrò lóko yín. Etí kòtò mi lẹnu ẹ̀ wà. Tí òjò bá rọ̀ lónìí, tó bá di ọ̀la ó ti kún kòtò, á yà wọ oko. Ilẹ̀ oníyanrìn ni tèmi, òjò tó bá rọ̀ sí i á wọlẹ̀ lọ, tòkè yẹn ni ò lè gbé. Àmọ́ lọ́dún yìí, pẹ̀lú gbogbo òjò yẹn, kíkán kò kán. Mo sọ fún ìyàwó mi pé Galen ló máa bá wa dí i. Ọtí ápù ìgò méjì ti wà nílé tí mo fẹ́ gbé wá fi dúpẹ́."

"O ò lọ wo ẹnu ẹ̀?"

"Téèyàn bá ń rí oore, kì í tú u wò."

"Dwight, a ò dí nǹkan kan."

"Ta ló wá..." Dwight rí ojú Twila. Ó gbé ife ọbẹ̀ ẹ̀, ó wo inú ẹ̀ bí ẹni pé nǹkan já sínú ẹ̀. "Ṣó o rí i, òjò ni. Òjò ọdún yìí pọ̀ jù, ta ni ò mọ̀? Máa lọ, kí oòrùn má pa wọ́n."

Twila ń wakọ̀ bọ̀ wálé, kò tan rédíò. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ó dáa. Ẹni tó dà á síwájú ẹlòmíì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ ó ń bọ̀ nínú ẹ̀, kò rí ibi gbé e sí. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ òkè, kò yà sílé. Ó gbé ọkọ̀ sí etí títì, ó gba ẹ̀yìn àgbàdo gíga tí Dwight gbìn bo ojú ọ̀nà, ó ń wá kòtò.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Ẹnu páìpù dúdú kan ló yọ lára ilẹ̀, ó tóbi tó orí èèyàn. Òkété ilẹ̀ ibẹ̀, èyí tó ń tóbi bí ajá kékeré, ti kó koríko, iyẹ̀pẹ̀ àti igi wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀, ó ti fi ṣe ilé, gbòǹgbò ti wá di gbogbo ẹ̀ pọ̀. Omi tó ń jáde níbẹ̀ ò tó ti ẹni tó ń sunkún. Gbogbo omi òkè yẹn, ẹ̀yìn ìdènà yẹn ló dúró sí, ó ń jẹ gbòǹgbò elégédé Kreider láti oṣù kẹfà.

"Mo rí ọkọ̀ láti òkè, mo ní ṣé ó bàjẹ́ ni." Galen ti dé ẹ̀yìn ẹ̀, ṣọ́bìrì wà léjìká ẹ̀ torí ó ti ń gbẹ́ ojú omi kiri láti àárọ̀. Ó tẹ̀ wò ó, ó pariwo. "Háà! Wo ohun tó pa wá! Mo rò pé òjò ni!"

"Galen."

"Bó o ṣe ń wò ó yìí, tí mo bá ṣí i báyìí, tó bá fi máa di ọ̀sán ọ̀la, omi òkè á ti fà. Katakata á gòkè láì rì sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ á jókòó sínú kẹ̀kẹ́, a ó ti to elégédé sínú oko..." Ó dúró. "O rí i rà?"

"Mo rí i rà. Galen, o mọ̀ pé oko Dwight lomi yìí ń lọ?"

"Ìsàlẹ̀ lomi ń lọ, Twila. Ibo lo fẹ́ kó lọ?"

"Ó ní elégédé nílẹ̀ o. Ó so lọ́dún yìí. Òun ló ni èyí tí mo rà."

Galen wo òdìkejì kòtò. Àwọ̀ pupa ni gbogbo ibẹ̀, títí dé ìdí igi lọ́hùn-ún. Ó wá sọ, wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́, "Kò sọ nǹkan kan fún wa rí."

"Kò sọ," Twila ní. "Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ àgbàdo. Galen fi ṣọ́bìrì gún ilẹ̀, ó fà á yọ, ó tún gún un. "Ọmọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni, Twila. Wọ́n ti sanwó kẹ̀kẹ́. Kí n sọ fún wọn pé kí ni? Ìdajì nìkan ni mo lè ṣí. Díẹ̀." Ó gbé ṣọ́bìrì sókè, ó fẹsẹ̀ tẹ etí páìpù.

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ Dwight yà wọlé. Páálí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ṣófo. Dwight sọ̀ kalẹ̀, ó rí wọn, ó na ọwọ́ sókè láti kí wọn. Ọwọ́ yẹn dúró lókè díẹ̀. Ó ti rí ṣọ́bìrì. Ó ti rí ibi tí ẹsẹ̀ Galen wà. Ó wá rọra gbé ọwọ́ sílẹ̀, kò sì pè wọ́n. Kò bínú, kò ju orí. Ó ṣáà fa páálí kan bọ́ sílẹ̀ látẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé e dé etí oko, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń já elégédé, ó ń kó wọn lọ sókè lápá ibi tí ilé ẹ̀ wà. Ó ń yára.

"Kí ló ń ṣe yẹn?" Galen béèrè.

"Ó rò pé o fẹ́ ṣí i."

"Kí ló dé tí ò pariwo? Ó kúkú mọ ariwo pa."

Nígbà tó yá, Galen gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí páìpù. Ó fi ṣọ́bìrì ti ilẹ̀ bí àgbàlagbà tó ti ọ̀pá.

"Kẹ̀kẹ́ ò ní gòkè lọ́la nìyẹn," ó ní.

"Kò ní gòkè. Ká dá ìdajì owó wọn padà fún wọn. A ó tò ó síwájú abà níbi tó gbẹ, kí wọ́n ṣà á níbẹ̀."

"Tí wọ́n bá béèrè ibi tó ti wá?"

"Màá ní Dwight ló gbìn ín." Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ̀. "Títí táá fi kó o tán la máa fi páìpù yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá kó o tán, kẹ́yin méjèèjì jókòó sọ ibi tómi máa gbà."

Ó fo kòtò. Ọdún mọ́kàndínlógún ò gbé e dé òdìkejì yẹn rí. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó ń fọ́ lábẹ́ bàtà ẹ̀. Ó fẹ́ pe Dwight láti ọ̀nà jíjìn, kó ní kó dáwọ́ dúró, àmọ́ ohun kan ló dá a dúró, ó ń wo ọkùnrin yẹn.

Ó kọ́kọ́ rò pé ibi tó dáa jù ló máa ti bẹ̀rẹ̀, torí bí òun náà ì bá ṣe é nìyẹn, èyí tó pọ́n, èyí tó tóbi. Dwight ò wò wọ́n. Ó fi àwọn tó tóbi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń já kékeré. Etí kòtò ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó ṣẹ́rí sápá òsì, ó rìn lọ gbọọrọ, ó tún ṣẹ́rí, bí ẹni tó ń tọ ipa ọ̀nà kan lórí ilẹ̀ tí ò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Kò dúró ronú. Ó mọ èyí tí omi máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó mọ èyí tó tẹ̀ lé e, torí ọdọọdún ló ti ń wo bí omi òkè wọn ṣe ń wọlé.